Ìwé Là Ń Kà, Kì Í Ṣe Páálí Là Ń Gé

ÌBÉÈRÈ

Manchester ni mo ń gbé, mo sì bí ọmọ mẹ́ta: ìbejì tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti àbúrò wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Láti ọdún tó kọjá ni èmi àti bàbá wọn ti ń kọ́ wọn nílé. Ìdílé márùn-ún la jọ ń ṣe é, a sì máa ń pàdé ní gbogbo Ọjọ́rú nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ọmọ mọ́kànlá ló ń wá. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, àgbà wọn ti pé mẹ́tàlá.

Ìwé ìtàn ọmọdé tó ti pẹ́, tí gbogbo ayé mọ̀, la fẹ́ máa fi ṣe ìpàdé wa. A ti ń gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí a bá ka ìwé tán, a ó gé páálí, a ó lẹ̀ ẹ́, a ó fi ọ̀dà kùn ún. Àwọn ọmọ ń gbádùn ún, ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n lọ́jọ́ kejì pé kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìwé, ńṣe ni wọ́n máa ń wò mí lójú. Àwọn tó ti dàgbà ní iṣẹ́ ọmọ ọwọ́ ni. Bàbá kan láàárín wa ní ìwé Yorùbá nìkan ló yẹ ká máa kà, ìyá kan sì dá a lóhùn pé àwọn ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ń di ìjà. Owó wa kò sì pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ìwé wo ni ká kà, kí ni ká sì fi ṣe? Ṣé òfin ilẹ̀ yìí kò sì ní mú wa?

Ìyá Ìbejì, Manchester

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ bá mi kí Táyé àti Kẹ́hìndé, kí ẹ sì kí Ìdòwú fún mi lọ́tọ̀, torí mo mọ̀ pé ẹni tó bá tẹ̀ lé ìbejì kì í fẹ́ kí wọ́n pa kíkí tirẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹ̀gbọ́n.

Ohun tó ń ṣe yín ti ṣe èmi náà rí. Ní ọdún tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ, mo ka Charlotte's Web fún wọn. Mo ra páálí dúdú, mo ra gọ́ọ̀mù, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ṣe aláǹtakùn kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ pé. A so gbogbo wọn mọ́ àjà. Ó rẹwà débi pé ọ̀gá wa wá wò ó, ó sì na ọwọ́ sí ọmọ kan pé, "Kí ni aláǹtakùn yìí ṣe nínú ìwé?" Ọmọ náà ronú, ó ní, "Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, Mà." N kò mọ ibi tí mo máa fojú sí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní ìbéèrè kan tí mo máa ń bi ara mi kí n tó fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Nínú ìwé yìí, kí ni ẹni inú ìtàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tàbí kí ló fi ẹnu sọ, tí nǹkan fi yí padà? Ohun yẹn gan-an ni kí àwọn ọmọ ṣe. Bí n kò bá rí i, a kì í ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà. A ó ka ìwé, a ó jẹun, a ó lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká dúró ti ìwé aláǹtakùn yẹn, torí òun ni màá ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. E. B. White ló kọ ọ́, ó jáde ní 1952. Oko ni ọkùnrin náà ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ó ń sin ẹran, ó sì fara balẹ̀ wo bí aláǹtakùn ṣe ń ṣe kó tó kọ̀wé nípa rẹ̀. Wilbur ni ẹlẹ́dẹ̀ tó kéré jù nínú ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí. Wọ́n fẹ́ pa á, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Fern bẹ̀bẹ̀ fún un. Nígbà tó sanra tán, ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ tún dé. Ni Charlotte, aláǹtakùn tó ń gbé lókè ẹnu ọ̀nà ilé ẹran, bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sókè orí ẹlẹ́dẹ̀ náà, tí gbogbo ìlú fi ń wá wò ó. Eku kan tó ń jẹ́ Templeton, ọ̀kánjúwà gidi, ló ń lọ ṣa ọ̀rọ̀ wá fún un láti orí ààtàn, lára àjákù ìwé àti páálí ọṣẹ.

Ẹlẹ́dẹ̀ kò yí padà. Ojú tí ayé fi ń wò ó ló yí padà, torí pé ẹnì kan sọ ohun tí òun rí lára rẹ̀. Kí la ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé wa? Oríkì ni, Ìyá Ìbejì. Charlotte ń ki Wilbur ni.

Nítorí náà, ẹ kó ìwé ìròyìn àtijọ́ jọ, ti Gẹ̀ẹ́sì, àti ti Yorùbá bí ẹ bá rí. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ mọ́kànlá sínú fìlà, kí oníkálùkù yọ ẹnì kan. Templeton ni gbogbo wọn lọ́jọ́ náà. Wọn yóò tú ìwé ìròyìn títí wọn yóò fi rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá ẹni tí wọ́n yọ mu. Òfin méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ nípa ẹwà tàbí aṣọ. Ẹni tó sì mú un wá gbọ́dọ̀ sọ ohun tó rí tí ẹnì kejì rẹ̀ ṣe, tí òun fi yan ọ̀rọ̀ náà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo ilé jọ wá a ní Yorùbá. Ẹ fi òwú na ilé aláǹtakùn kan sí igun gbọ̀ngàn, kí ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ náà kọ́ ọ. Mo ti rí ọmọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ tó gba "adúrótini" lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó sì gbé bébà náà sápò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Bí ẹ bá ka ìwé yìí ní oṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Kẹwàá, orí yín ṣe ire. Àkókò yẹn ni aláǹtakùn inú ọgbà máa ń tóbi ní Bìrìtìkó, tí ilé wọn sì máa ń hàn kedere lára ewéko láàárọ̀ nígbà tí ìrì bá sẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde kí oòrùn tó mú. Bí ìrì kò bá sí, ẹ fi omi wọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Kí àwọn àgbà inú wọn ka òwú tó ti àárín jáde, kí wọ́n yà á. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ bà á o, ilé onílé ni.

Nǹkan kan tún wà tí kò ná yín ju ẹ̀wà lọ. Ẹyin tí Charlotte yé jẹ́ 514. Ẹ da ẹ̀wà sílẹ̀ kí wọ́n kà á. Àwọn kékeré yóò kó o jọ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, Táyé àti Kẹ́hìndé yóò ka àwọn òkìtì náà. Nígbà tí ẹ bá dé ibi tí àwọn ọmọ aláǹtakùn ti bá afẹ́fẹ́ lọ, tí mẹ́ta péré sì dúró ti Wilbur, kí wọ́n yọ mẹ́ta sọ́tọ̀, kí wọ́n wo òkìtì tó kù. Kí ẹ wá bi ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn pé kí ló dé tí a fi ń pe 500 ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta nígbà tó jẹ́ pé 600 ni ẹgbẹ̀ta. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kó gbé e lọ sílé lọ bá bàbá rẹ̀, kí bàbá náà wá ìdáhùn.

Charlotte kú ní ìparí orí 21, orí kan péré ló sì kù kí ìwé tán. Òun nìkan ló dá wà nígbà tó kú, kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ yín á sunkún. Ẹ má wá nǹkan fún wọn lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má sì sáré ka orí tó tẹ̀ lé e láti rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.

Ní ti ìjà èdè, kò yẹ kó jẹ́ ìjà rárá. Obìnrin kan wà nílẹ̀ yín níbẹ̀ tó ń jẹ́ Charlotte Mason (bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ kan náà ni òun àti aláǹtakùn jọ ń jẹ́). Ọdún 1842 ni wọ́n bí i, ó kú ní 1923, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Ambleside, ní àgbègbè adágún omi tí kò jìnnà sí yín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọmọ nílé lónìí ló ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n ka ìwé gidi fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọmọ sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ padà. Kò sí ìbéèrè mẹ́wàá lórí bébà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rẹ́rìn-ín. Ṣebí bí gbogbo wa ṣe kọ́ àlọ́ nìyẹn? Ìyá àgbà pa á lálẹ́, ní ọ̀sán ọjọ́ kejì àwa náà ti ń pa á fún ọmọ ilé kejì, a ń ṣi í pa, wọ́n ń bá wa tún un ṣe.

Torí náà, kí wọ́n ka ìwé náà ní ilé oníkálùkù ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, orí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ìwé kan á gbà yín tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ẹ bá pàdé ní Ọjọ́rú, kí ọmọ kan dìde kó ké "Àlọ́ o!", kí gbogbo ilé dáhùn "Àlọ̀!", kó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ní Yorùbá. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́n ọn, kó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí àgbàlagbà kan fi Yorùbá rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kó máa bá ìtàn rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọmọ ṣẹ̀sín. Kí bàbá tó fẹ́ ìwé Yorùbá jẹ́ ẹni tó ń yá wọn lọ́rọ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn sí i. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn sì dá orin kékeré kan sínú ìtàn náà, èyí tí gbogbo ilé á máa gbè. Iṣẹ́ àjọṣe wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Ìwé kejì tí màá yàn fún yín ni The Secret Garden, ìdí kan sì ni pé ọmọ ìlú yín ló kọ ọ́. Cheetham ní Manchester ni wọ́n bí Frances Hodgson Burnett sí ní 1849. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tàbí níbi tó sún mọ́ ọn ni nígbà tí wọ́n kó lọ sí Tennessee ní Amẹ́ríkà ní 1865. Òun náà ti ṣí kúrò nílé rí, Ìyá Ìbejì, bí ẹ̀yin náà ṣe ṣí. Ọdún 1911 ni ìwé náà jáde. Mary, tó tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pàdánù òbí rẹ̀ ní Íńdíà, wọ́n gbé e wá sí ilé ńlá kan ní Yorkshire, ó sì rí kọ́kọ́rọ́ ọgbà tí wọ́n ti tì pa fún ọdún mẹ́wàá.

Ohun tí ọmọ yìí fi ọwọ́ ṣe hàn gbangba: ilẹ̀ díẹ̀ ló tọrọ, ó sì gbin nǹkan sí i. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá garawa tó ti ya ẹnu tàbí ike àtijọ́ kan, kí ẹ lu ìdí rẹ̀, kí ẹ bu ilẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, ẹ ri kókó òdòdó daffodil tàbí crocus sínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ síta nínú òtútù, yóò yọ lẹ́yìn ọdún tuntun. Bó bá jẹ́ ìparí oṣù Karùn-ún, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀. Àwọn ará Karíbíánì tó wà ní Bìrìtìkó ti ń gbìn ín sínú ọgbà wọn tipẹ́, callaloo ni wọ́n ń pè é. Ewúro kò ní fara da òtútù yín, ẹ má dán an wò níta.

Àwọn olùkọ́ mìíràn máa ń gbójú fo apá kan nínú ìwé yìí tó jẹ́ pé òun ló wù mí jù. Mary bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí àwọn ará Yorkshire ṣe ń sọ̀rọ̀, lọ́dọ̀ Martha ọmọ-ọ̀dọ̀ àti Dickon àbúrò rẹ̀. Ó ń ṣì í sọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe di ará ilé. Ẹ ka ibẹ̀ sókè fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ kọ́ gbólóhùn mẹ́ta ní ẹ̀ka èdè ìlú òbí rẹ̀, ti Ìjẹ̀bú, ti Èkìtì, ti Oǹdó, ti Ìgbómìnà, kó wá fi bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ọjọ́ yẹn, àwọn òbí ló máa pariwo jù.

Mo gbọ́dọ̀ ṣe ìkìlọ̀ kan. Mary ń fi ojú burúkú wo àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ ará Íńdíà, ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí sì wà níbẹ̀ nípa àwọn aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú. N kì í fo ibẹ̀. Mo máa ń dúró, mo máa ń bi wọ́n pé, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ yìí? Ta ni wọn kò jẹ́ kó dáhùn?" Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, àwọn ọmọ yín yóò sì ní ohun tí wọn fẹ́ sọ. Ìdòwú kò tíì tó o. Kó máa bu ilẹ̀ sínú garawa tirẹ̀.

Fún òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ mú The Very Hungry Caterpillar tí Eric Carle ṣe ní 1969. Kòkòrò náà jẹ èso kan ní ọjọ́ Ajé, méjì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, títí dé márùn-ún ní ọjọ́ Ẹtì. Orúkọ ọjọ́ àti òǹkà Yorùbá ti wà nínú ìwé náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ gé èso gidi, kí wọ́n kà á, kí wọ́n jẹ ẹ́. Nígbà tí oòrùn bá ràn, ẹ kó gbogbo wọn lọ sí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan lórí odò kékeré, kí wọ́n ta eré tí Winnie-the-Pooh ń ta nínú ìwé 1928 yẹn, The House at Pooh Corner: oníkálùkù ju igi tirẹ̀ sí apá ibi tí omi ti ń bọ̀, wọ́n á sì sáré lọ sí apá kejì láti wo ti ẹni tó kọ́kọ́ yọ. Àwọn ńlá lè wọn ìbú afárá, kí wọ́n ka ìṣẹ́jú-àáyá, kí wọ́n ṣírò bí odò ṣe ń sáré tó.

Àwọn ńlá wọ̀nyí ló ń sọ pé iṣẹ́ ọmọ ọwọ́ ni. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ẹ má bá wọn jà. Ẹ fún wọn ní Chike and the River tí Chinua Achebe kọ ní 1966. Ọmọ náà ń gbé ní Onitsha, ó ń wo odò Ọya lójoojúmọ́, ó sì fẹ́ kọjá sí Asaba. Ṣílè kan ló ń wá: sísì àlọ, sísì àbọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi WhatsApp pe bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà nílé, kí wọ́n bi wọ́n ohun tí kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè lè rà nígbà náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ́bọ̀ méjìlá ló ń jẹ́ ṣílè kan, ogún ṣílè ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Bìrìtìkó jáwọ́ nínú ìṣirò yẹn ní oṣù Kejì 1971, Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ní oṣù Kìíní 1973. Mo mọ ìyá àgbà kan tí wọ́n pè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí sísì, tó lo wákàtí kan àti ààbọ̀. Wọ́n gbọ́ nípa ọjà, nípa ọkọ̀ ojú irin, àti nípa ọkùnrin kan tí ìyá àgbà ì bá fẹ́.

Bàbá tó fẹ́ ìwé Yorùbá, ẹ má jẹ́ kó rò pé a gbàgbé òun. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ti jáde láti 1938. Kó máa kà á sókè fún àwọn tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, díẹ̀díẹ̀, kó sì kọ́kọ́ kà á fúnra rẹ̀, torí ikú àti ìbẹ̀rù pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ rántí bí ìwé náà ṣe rí: ọ̀kan ń sọ ìtàn, ọ̀kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pọ̀ sí i tí wọ́n ń wá gbọ́. Ẹ fi ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn ṣe akọ̀wé fún gbogbo ẹgbẹ́. Nígbà tí àwọn ọdẹ bá sì fẹ́ gbéra lọ sí Òkè Láńgbòdó, tí Kàkó ní agbára, tí Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, tí Olóhùn-iyọ̀ ní orin, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá sọ ohun tí òun yóò gbé dání gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹjọ, kí àwọn yòókù sì pinnu bóyá wọn yóò mú un dání. Ẹ ó gbọ́ àwíjàre.

Ní ti òfin, ẹ fọkàn balẹ̀. Òfin Ẹ̀kọ́ ti 1996 ní England sọ pé ojúṣe òbí ni kí ọmọ gba ẹ̀kọ́ tó yẹ ẹ́, yálà ní ilé-ìwé tàbí lọ́nà mìíràn, inú "ọ̀nà mìíràn" yẹn lẹ sì wà. Kò pọn dandan kí ẹ tẹ̀ lé ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ibì kan bá ń kọ́ ọmọ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà bí ilé-ìwé ṣe ń ṣe, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé. Mọ́kànlá lẹ̀yin ní. Nítorí náà, kí Ọjọ́rú ṣì máa jẹ́ Ọjọ́rú nìkan, fún wákàtí bíi mélòó kan, kí òbí oníkálùkù sì wà níbẹ̀. Ìwé tí mo dárúkọ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ wọn lẹ ó rí yá ní láíbìrì. Ti Fágúnwà nìkan ni ẹ lè ní láti ránṣẹ́ sílé fún.

Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ̀wà kóńgò kan, ìwé ìròyìn àtijọ́, òwú. Kí ẹ sì kọ̀wé sí mi padà, mo fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n rí ṣà fún Ìdòwú.